Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Àwọn Tí Ikọ̀ NFL Yàn Nínú Draft

Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, nígbà draft, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn ikọ̀ NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, máa ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìkọ̀ọ̀kan, ikọ̀ Seattle Seahawks yan Bruce Irvin ní ipò 15, Bobby Wagner ní ipò 47, Russell Wilson ní ipò 75. Kò pẹ́ rárá tí àwọn akọ̀ròyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín máàkì, àwọn kan sì fún Seattle ní F. Wọ́n ní Irvin ò tó ẹni à ń yàn nípele kìíní. Wọ́n ní Wilson kúrú jù fún iṣẹ́ quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí ikọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2014, Wilson yìí kan náà ló darí ikọ̀, Wagner yìí kan náà ló dúró láàárín àwọn tó ń dènà, tí Seattle fi na Denver ní 43 sí 8 nínú Super Bowl, àṣekágbá NFL. Iṣu tí kò tíì ta ni àwọn akọ̀ròyìn yẹn lọ wà.

Ọ̀nà tí èmi ń gbà díwọ̀n draft ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí. Ọdún mẹ́ta ló ń gbà, pẹ̀lú ìwé kan àti bíírò kan. Seattle náà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, àmọ́ ti ọdún 2022, nítorí ọdún yẹn ni wọ́n ta Wilson, tí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí lórí rẹ̀ ra àwọn ọmọ tuntun. A rí bí wọ́n ṣe tajà, a sì rí bí wọ́n ṣe rajà. Ọmọ wa kan tún wà nínú wọn, Boye Mafe, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà.

Ẹni tí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá ṣì jẹ́ tuntun sí, ìwọ̀nba tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nìyí. Ikọ̀ 32 ló wà nínú NFL. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹrin, wọ́n máa ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀ láàárín ara wọn ní ìpele méje. Ikọ̀ tó fìdí rẹmi jù lọ́dún tó kọjá ló ń kọ́kọ́ yàn, ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ ló ń yàn kẹ́yìn. Ikọ̀ lè ta ipò rẹ̀ fún ikọ̀ mìíràn. Ní 2022, Las Vegas ni wọ́n ti ṣe é, ẹni 262 ni wọ́n sì yàn. Ẹni tí wọ́n bá yàn máa ń fọwọ́ sí àdéhùn ọdún mẹ́rin, ipò tí wọ́n ti yàn án ló sì ń sọ iye owó rẹ̀. Àwọn ará ìpele kìíní tún ní ọdún karùn-ún tí ikọ̀ lè gbà tàbí kó kọ̀, lẹ́yìn sáà kẹta sì ni ikọ̀ gbọ́dọ̀ sọ èyí tó fẹ́. Ìdí tí mo fi mú ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ni ikọ̀ fúnra rẹ̀ ń dájọ́ ọjà tó rà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ohun tí ilé ò ní sílẹ̀, kí alẹ́ draft tó dé

Ẹ má dúró de orúkọ kankan. Ẹ ṣí ojú ewé tuntun, kí ẹ kọ ibi tí ikọ̀ ti ṣófo.

Nínú oṣù kẹta ọdún 2022, Seattle ta Wilson fún Denver, wọ́n sì jẹ́ kí Wagner máa lọ. Duane Brown àti Brandon Shell, àwọn tackle méjèèjì tó ń dáàbò bo quarterback lápá òsì àti lápá ọ̀tún, àdéhùn wọn ti parí. Chris Carson tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré ní ìpalára ọrùn tó padà mú un kúrò nínú eré pátápátá. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí: quarterback, tackle méjì, ẹni tó lè lé quarterback alátakò, linebacker (ẹni tó ń dúró láàárín àwọn tó ń dènà), àti ẹni tó lè gbé bọ́ọ̀lù sáré.

Nígbà tí draft parí, Seattle ò yan quarterback kankan. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú. Àmọ́ ẹ wo bí ọjà ṣe rí lọ́dún náà: quarterback kan ṣoṣo ló wọ ìpele kìíní, Kenny Pickett, tí Pittsburgh yàn ní ipò 20. Ẹni tó tẹ̀ lé e, Desmond Ridder, di ipò 74 kí Atlanta tó mú un. Ikọ̀ 32 ló wo àtẹ yẹn tí wọ́n mi orí. Seattle fi Geno Smith tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ sí iṣẹ́, nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tó bá sì jù lọ́dún náà, bíi 70 ló ń dọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó padà bọ̀ sípò jù lọ ní NFL. Ohun tí ikọ̀ kọ̀ láti rà ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé yín. Ẹ má fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wádìí iye tí wọ́n san

Ibí ni mo ti rí i pé àwọn èèyàn ń ṣìnà jù. Wọ́n á ní "ọmọ yẹn dáa" tàbí "ọmọ yẹn ò dáa," wọn ò ní béèrè pé èló ni wọ́n rà á. Ẹni kan náà lè jẹ́ ọ̀wọ́n ní ipò 9, kó jẹ́ gbànjo ní ipò 153.

Jimmy Johnson, akọ́nimọ̀ọ́gbá Dallas Cowboys níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, lo àtẹ kan tó fi iye sórí ipò kọ̀ọ̀kan, káwọn èèyàn rẹ̀ lè mọ bí wọ́n ṣe máa ná ọjà. Ipò 1 jẹ́ 3,000. Ipò 9 jẹ́ 1,350. Ipò 32 jẹ́ 590, ipò 40 jẹ́ 500. Ẹ lè máa lò ó títí di òní, ó dáa fún ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá pín 1,350 sí 500, ẹ ó rí i pé ẹni tí wọ́n yàn ní 9 gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ẹni tí wọ́n yàn ní 40 ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀, kó tó lè sọ pé òun san owó òun.

Àmọ́ ẹ mọ ibi tí àtẹ náà ti kù díẹ̀ káàtó. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Cade Massey àti Richard Thaler, wo draft ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé àwọn ikọ̀ ń san owó tó pọ̀ jù fún àwọn ipò òkè pátápátá. Wọ́n tún rí i pé tí ẹ bá mú ẹni kan àti ẹni tí wọ́n yàn tẹ̀ lé e nínú iṣẹ́ kan náà, ìgbà bíi 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹni àkọ́kọ́ máa ń dáa ju ẹni kejì lọ. Díẹ̀ báyìí ló fi ju kéèyàn ta owó ẹyọ sókè. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń fi ojú rere wo ikọ̀ tó bá kó ipò púpọ̀ jọ ju èyí tó kó gbogbo owó lé orí ẹnì kan lọ.

Seattle ọdún 2022 ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún Denver ní Wilson àti ipò kan ní ìpele kẹrin. Wọ́n gba Drew Lock, Noah Fant àti Shelby Harris, ìpele kìíní ti 2022 àti ti 2023, ìpele kejì ti 2022 àti ti 2023, àti ìpele karùn-ún kan. Nínú ẹrù yìí ni ipò 9 àti ipò 40 ti jáde. Wọ́n fi 9 yan Charles Cross, tackle láti Mississippi State. Wọ́n fi 40 yan Boye Mafe láti Minnesota. Àwọn tí wọ́n yàn lẹ́yìn náà ni Kenneth Walker ní 41, Abraham Lucas ní 72, Coby Bryant ní 109, Tariq Woolen ní 153, Tyreek Smith ní 158, Bo Melton ní 229 àti Dareke Young ní 233.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ ìdájọ́ alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ fi déètì sí i

Ojú ewé mi ní òpó márùn-ún: orúkọ àti ipò, iye, ohun tí a mọ̀ lálẹ́ yìí, ìdájọ́ alẹ́, ìdájọ́ ọdún mẹ́ta. Òpó tó kẹ́yìn máa ń ṣófo títí ọjọ́ á fi pé. Mi ò lo A àti F mọ́. Ọ̀rọ̀ ọjà mẹ́ta ni mò ń lò: gbèsè (iṣẹ́ rẹ̀ ò tó iye tí wọ́n san), ojú owó (ó tó o), èrè (ó jù ú lọ).

Ohun tí mo kọ nípa Woolen nìyí, bó ṣe wà níbẹ̀: "Tariq Woolen, 153, UTSA. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́rin. Ó sá ogójì yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 4.26. Ó ti máa ń gba bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó sọ ọ́ di cornerback. Ẹsẹ̀ yá, ọwọ́ ò tíì mọṣẹ́. Ojú owó."

UTSA ni yunifásítì rẹ̀, cornerback sì ni ẹni tó ń ṣọ́ àwọn alátakò tó ń gba bọ́ọ̀lù. Lọ́dún náà gan-an, Woolen já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ alátakò ní ìgbà mẹ́fà, kò sì sí ẹni tó jù ú lọ nínú gbogbo NFL ní sáà yẹn. Gbogbo èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tí kì í bá ṣe ìwé mi, èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀, ì bá sì dá mi lójú. Ọkàn máa ń tún ìrántí kọ láìjẹ́ kí olówó rẹ̀ mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo fẹ́ bá àwa ọmọ Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ kan níbí. Nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ wa lórí pèpéle, inú máa ń dùn wá ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ṣì rántí bí ilé ṣe rí nígbà tí wọ́n pe Olu Fashanu ní ipò 11 fún New York Jets ní 2024. Ariwo tó sọ nílé wa lálẹ́ yẹn, bí ẹni pé àbúrò wa ló ṣègbéyàwó. Ó yẹ ká yọ̀. Àmọ́ kí ìwé má yọ̀ tẹ̀ lé wa. Tí Mafe bá jẹ́ ọmọ wa, ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi wo iṣẹ́ rẹ̀ fínnífínní, kí máàkì tó gbà lè jẹ́ èyí tó ṣeé fi yangàn níbi gbogbo. Foye Oluokun nìyẹn, tí Atlanta yàn ní ipò 200 ní 2018 láti Yale: òun ló wó alátakò lulẹ̀ jù nínú gbogbo NFL ní sáà 2021, òun náà ni ní 2022. Kò sẹ́ni tó ní láti bu máàkì kún ti ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo ẹni tó kù lórí àtẹ

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n yàn tẹ̀ lé e, kí ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni yẹn ni òṣùwọ̀n yín.

Kí ó tó kan Seattle ní ipò 9, Carolina ti mú tackle Ikem Ekwonu ní 6, New York Giants ti mú Evan Neal ní 7. Lẹ́yìn Cross, ipò 19 ni tackle mìíràn tún jáde, Trevor Penning, tí New Orleans mú. Ẹ fi Cross sáàárín Neal àti Penning, ẹ ó rí i pé Seattle ò ṣìṣe. Neal tí wọ́n rà lówó tó ju tirẹ̀ lọ ò rí ìdí jókòó, Penning sì ti fara pa lẹ́sẹ̀ kí sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní Garrett Wilson wà níbẹ̀, tí Jets mú ní 10, Chris Olave náà wà níbẹ̀, tí New Orleans mú ní 11, àwọn méjèèjì sì gba bọ́ọ̀lù kọjá 1,000 yáàdì lọ́dún àkọ́kọ́. Òótọ́ ni. Ẹ wá padà sí ojú ewé ìgbésẹ̀ kìíní: DK Metcalf àti Tyler Lockett ti wà nílé fún iṣẹ́ yẹn, kò sì sí tackle kankan.

Ti Walker ni ọkàn mi ò tíì fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ sí. Ó sáré 1,050 yáàdì lọ́dún àkọ́kọ́, ó dùn ún wò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ Buffalo dúró títí di ipò 63, wọ́n rí James Cook. Kansas City dúró títí di ipò 251, nígbà tí àwọn òǹtajà ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n rí Isiah Pacheco, tó sáré 830 yáàdì lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀. Irú ọjà tó ṣeé rí lálẹ́, Seattle rà á ní ọ̀sán gangan. Mo kọ ojú owó fún Walker, mi ò kọ èrè, torí iye náà ni.

Ẹ ṣọ́ra fún àwáwí kan nínú ìgbésẹ̀ yìí. Ẹni tó kẹ́yìn pátápátá nínú draft yìí kan náà, ipò 262, ni Brock Purdy, tó di quarterback San Francisco tó sì gbé wọn dé Super Bowl. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ fún Seattle bí ẹ̀ṣẹ̀ pé wọ́n fo Purdy. Ikọ̀ 32 ló fò ó, San Francisco fúnra wọn yan ẹni mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí lálẹ́ ọjọ́ náà, kò ṣeé fi dá ẹnì kan lẹ́jọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi ojú ara yín wò ó

Tackle ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ojú, torí tackle ò ní nọ́ńbà tí wọ́n ń kà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá lè wo tackle á lè wo ẹnikẹ́ni.

Ẹ mú eré kan, kí ẹ yan ìdá mẹ́rin eré náà kan ṣoṣo. Ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ó ṣòro, ojú á fẹ́ tẹ̀ lé e, ẹ dá a padà. Ẹ gbé ojú lé nọ́ńbà 67, Cross, lápá òsì. Tí wọ́n bá ti gbé bọ́ọ̀lù, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ná: ó yẹ kó máa rìn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kéékèèké, bí ẹni tó ń fa ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá kọjá níwájú èkejì, ó ti tán, ẹni tó ń bọ̀ máa tì í ṣubú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọwọ́: ta ló kọ́kọ́ gbá àyà ẹnì kejì? Ẹ wo ìdí rẹ̀: ṣé orúnkún ló tẹ̀ ni, àbí ìbàdí? Ẹni tó bá tẹ ìbàdí, orí rẹ̀ á ṣíwájú ara rẹ̀, á sì pàdánù. Fún gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọjá lára rẹ̀, ẹ fa ilà kan. Ẹ fa ilà fún ìgbà tí kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ náà, torí iṣẹ́ tackle tó dáa ni pé kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún un ṣe nínú eré tí wọ́n lọ gbá nílé ẹlòmíràn. Ariwo àwọn èrò níbẹ̀ kì í jẹ́ kí tackle gbọ́ ohùn quarterback, ó ní láti fi ojú mọ ìgbà tí bọ́ọ̀lù gbéra. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lóòótọ́.

Ohun kan wà tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó wo Cross àti Lucas. Abẹ́ Mike Leach ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́, Lucas ní Washington State níbẹ̀rẹ̀, Cross ní Mississippi State. Ikọ̀ Leach, jíju bọ́ọ̀lù ni tiwọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Nítorí náà, lálẹ́ draft, a mọ̀ pé àwọn ọmọ yìí lè dúró gba ẹni tó ń bọ̀ wá bá quarterback. A ò mọ̀ bóyá wọ́n lè tẹ̀ síwájú ti ènìyàn kúrò lọ́nà fún ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, èyí tí Pete Carroll, akọ́nimọ̀ọ́gbá Seattle nígbà náà, fẹ́ràn. Mo kọ ìbéèrè yẹn sí òpó kẹta, òun ni mo sì ń fi ojú wá. Nígbà tí sáà ṣí ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀dọ́ méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, Denver ni wọ́n sì kọ́kọ́ bá pàdé, pẹ̀lú Wilson fúnra rẹ̀. Seattle borí ní 17 sí 16.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nọ́ńbà

Nọ́ńbà dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ọdún kan ò sì tó. Mafe gbé quarterback ṣubú ní ìgbà mẹ́ta lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti ìwé lọ́jọ́ náà á kọ gbèsè. Ní 2023, ó di mẹ́sàn-án, ó sì ṣe é nínú eré méje tẹ̀ léra, èyí tí kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí nínú ìtàn Seahawks. Ẹ máa ka iye ìgbà tó wà lórí pápá mọ́ ọn, kí ẹ sì ka ìgbà tó lé quarterback sáré tí kò mú un. Ẹni tó ń lé èèyàn tí kò mú un ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ya ohun tí ikọ̀ mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó dé bá wọn

Orúnkún da Lucas láàmú ní 2023 àti 2024, ọ̀pọ̀ eré ló pàdánù. Seattle ò lè mọ̀ ọ́n ní 2022. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, àmọ́ mi ò fi dín ìdájọ́ ikọ̀ kù. Ẹ fi wé Dayo Odeyingbo: iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já ní oṣù kìíní ọdún 2021, gbogbo ayé mọ̀, Indianapolis Colts sì tún yàn án ní ipò 54 ní oṣù kẹrin. Tí gìgísẹ̀ yẹn bá kọ̀ láti san, àwọn ló jẹ gbèsè náà torí ojú wọn ló ṣe. Ó san. Ní 2023, ó gbé quarterback ṣubú ní ìgbà mẹ́jọ, mo sì fún Colts ní èrè, ìdí ni pé wọ́n mọ ewu náà, wọ́n sì ra ọjà ní iye tó bá ewu mu.

Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Nínú bọ́ọ̀lù yìí, akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń lu ìlù tí ọmọ ń jó sí. Carroll kúrò lẹ́yìn sáà 2023, Mike Macdonald dé pẹ̀lú ìlù mìíràn. Bryant tí wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bíi cornerback ti di safety, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá, ibẹ̀ ló sì ti gbayì ní 2024. Ẹ kọ déètì tí akọ́ni bá yí padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé.

Ìdájọ́ ọdún mẹ́ta

Lẹ́yìn sáà 2024 ni mo kọ òpó tó kẹ́yìn. Cross: ojú owó, Seattle náà sì gba ọdún karùn-ún rẹ̀. Mafe: èrè kékeré. Walker: ojú owó. Lucas: ojú owó, pẹ̀lú orúnkún. Bryant: èrè. Woolen: èrè ńlá. Melton bá tirẹ̀ lọ sí Green Bay, Smith ò rí àyè, Young ń sáré nínú àwọn eré kéékèèké tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sọ́nà jíjìn. Ipò 229 àti 233 ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iye lórí. Ti 158 nìkan ni mo kọ gbèsè sí.

Àpapọ̀ rẹ̀ ò tíì ṣeé kọ nígbà náà, torí ẹrù Denver ṣì kù nílẹ̀. Denver borí márùn-ún, wọ́n pàdánù méjìlá ní sáà 2022, ìdí nìyẹn tí ìpele kìíní wọn tó jẹ́ ti Seattle ní 2023 fi bọ́ sí ipò 5. Seattle fi yan Devon Witherspoon, cornerback láti Illinois. Wọ́n fi 37 yan Derick Hall láti Auburn. Àwọn méjèèjì ní ojú ewé tiwọn nínú ìwé mi, pẹ̀lú déètì. Lójú ewé Witherspoon, ní òpó "iye," orúkọ ni mo kọ síbẹ̀: Russell Wilson.